Ẹ̀rí Eyín Ìkúnayọ̀

"Ṣé ó ṣì ń dùn wọ́n?"

Ìbéèrè náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àdììtú nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí ọmọdé kò lè gbọ́ yé. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń fẹ́. Síbẹ̀, léraléra ni Dókítà Nímọ́tà bi Akínrẹ̀mí ní ìbéèrè yìí lórí fóònù, léraléra ni Akínrẹ̀mí sì fèsì. Èsì náà dùn létí, ó kún fún ọpẹ́, ó sì mú kí dókítà gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Ohun kan ṣoṣo ni èsì náà kò ṣe: kò dáhùn ìbéèrè. Báwo ni ọkùnrin tí orí rẹ̀ pé, tí ó fẹ́ràn aya rẹ̀, tí ó sì kórìíra irọ́, ṣe lè máa fèsì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójoojúmọ́ láì dáhùn rẹ̀? Ó rọrùn láti dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kánjú dá a lẹ́bi lè máà mọ̀ pé òun náà ti fèsì bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ Ìlàjẹ ni Akínrẹ̀mí, láti apá Ìgbọ́kọ̀dá. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wa ọkọ̀ gba ojú omi dé Warri láti wá pẹja, tí ó sì kọ́ ilé pákó létí odò. Akínrẹ̀mí kò tẹ̀lé àwọ̀n. Ìwé ló tẹ̀lé, ìwé sì gbé e dé èbúté, níbi tí ó ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde. Iṣẹ́ náà kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan. Bí oníṣòwò bá bi í pé, "Bàbá, ìgbà wo gan-an ni ẹrù mi máa jáde?", Akínrẹ̀mí kò ní sọ pé ọ̀la, kò sì ní sọ pé òun kò mọ̀. Yóò ní, "Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́. Ohun gbogbo ń lọ bó ṣe yẹ." Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí olùbéèrè lè dì mú. Oníṣòwò yóò dúpẹ́, yóò sì lọ. Ó di ilé kí ó tó rí i pé ọwọ́ òfo ni òun gbé bọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, alàgbà ni, nínú ìjọ aláṣọ funfun kékeré kan létí omi, níbi tí a ti ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ipò rẹ̀ níbẹ̀ ni láti dúró ti ẹ̀rí. Bí ẹnì kan bá jẹ́rìí oore Ọlọ́run tán, Akínrẹ̀mí a gbé ọwọ́ sókè, a sì bi ìjọ pé, "Ẹ̀rí yìí ńkọ́?" Ìjọ a dáhùn pé, "Ó dúró!" Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀rí ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ẹ, ó ti di ti gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá tún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òdì kejì rẹ̀, òrùlé tí gbogbo ènìyàn ń sá òjò sí abẹ́ rẹ̀ ló ṣí kúrò. Òfin yìí kò sí nínú ìwé kankan. Àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Eyín Ìkúnayọ̀, aya rẹ̀, ti ń dà á láàmú láti ìgbà ọyẹ́. Eyín ẹ̀yìn ni, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Ìkúnayọ̀ a máa yan ẹja, a sì máa ta edé gbígbẹ fún àwọn oníbàárà tí ń wá láti Ekete àti agbègbè rẹ̀. Kò ráàyè àìsàn. Ó ki kànáfùrù bọ inú ihò eyín náà, ó fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, nígbà tí kò gbọ́ ó fi ògógóró sí i, ó sì ń yí i káàkiri ẹnu kí ó tó tu ú dà nù. Obìnrin Urhobo tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò rí i níjọ́ kan, ó sì bú sẹ́rìn-ín: "Mama Church! So na so you don dey take am? Make I bring pepper soup join?" Ìkúnayọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, nítorí ẹ̀rín pàápàá ti di ohun tí eyín náà ń gba owó orí lé lórí.

Ìgbà tí kò lè fi apá kankan sùn mọ́ ni Akínrẹ̀mí mú un lọ sí ilé ìtọ́jú eyín tí Dókítà Nímọ́tà ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin ọmọ Ọ̀yọ́ ni dókítà náà, ó fi ìborùn dúdú wé orí, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́. Ní ìlú tí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ti ń lọ ní Pidgin, bí ó ṣe kúnlẹ̀ díẹ̀ tí ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jókòó," mú kí Ìkúnayọ̀ gbà gbọ́ pé ọwọ́ ọmọ òun ni òun bọ́ sí.

"Mà, inú eyín yín ló ti kú, tó ń jẹrà," ni dókítà wí nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò tán. "Mo lè yọ ọ́ sọnù. Mo sì tún lè gbà á là. Màá lu ú, màá kó ohun tó jẹrà nínú gbòǹgbò rẹ̀ jáde, màá fọ̀ ọ́ mọ́, màá sì dí i pa."

"Ẹ gbà á là," ni Ìkúnayọ̀ wí. "Mélòó ló kù lẹ́nu mi tí màá máa yọ dànù?"

Iṣẹ́ náà pẹ́. Nígbà tí ó parí, abẹ́rẹ́ ti mú kí ìdajì ojú Ìkúnayọ̀ kú bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Dókítà kó oògùn sínú náílọ́ọ̀nù, ó sì kọjú sí Akínrẹ̀mí.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí abẹ́rẹ́ yìí bá ti kúrò lára, yóò dùn wọ́n. Ìyẹn ò burú, iṣẹ́ ni a ṣe síbẹ̀. Kí wọ́n má dúró de ìrora kí wọ́n tó lo oògùn ìrora. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lò ó lásìkò. Kí wọ́n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti iyọ̀ yọ ẹnu. Kí wọ́n má fi apá yìí jẹ nǹkan líle. Kápúsù yìí, kí wọ́n lò ó tán, bí ara tilẹ̀ ti yá. Ìrora tó bá ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lọ tán tó tún padà wá, tó ń ga sí i, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń wú, tí ara ń gbóná, tàbí tí ẹnu ò ṣí dáadáa mọ́, ẹ má ṣe nǹkan kan nílé. Ẹ máa gbé wọn bọ̀."

"A dúpẹ́ o, dókítà. Ọlọ́run á bá ẹ̀yin náà ṣe é."

"Àmín, sà. Màá máa pè láti béèrè."

Fóònù Ìkúnayọ̀ ti bọ́ sómi lọ́sẹ̀ tí ó ṣáájú. Nọ́ńbà Akínrẹ̀mí ni wọ́n gbà. Báyìí ni ẹnu Akínrẹ̀mí ṣe di ẹnu fún ìrora tí kò sí lára rẹ̀.

Ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e rọrùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Oògùn ìrora ń ṣiṣẹ́, Ìkúnayọ̀ sì sùn bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, ó mu ọbẹ̀ ẹja, ó sì fi apá òsì jẹ òkèlè púpurú. Ní ilé ìjọsìn, kò dúró kí wọ́n pe àkókò ẹ̀rí kí ó tó dìde.

"Ẹ bá mi yin Olúwa! Eyín tó sọ mí di ẹni tí ń rìn káàkiri ilé bí iwin láti ìgbà ọyẹ́, Ọlọ́run fi ọwọ́ ọmọ Mùsùlùmí kan mú ìrora rẹ̀ kúrò. Ẹ wò ó!" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́!"

Akínrẹ̀mí gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀rí yìí ńkọ́?"

"Ó dúró!"

Kí á tó sọ pé ohun kékeré ni, ó yẹ kí á mọ bí ìjọ náà ti rí nígbà náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ sí àwọn ìjọ ńláńlá ojú títì, tí àga ń ṣófo, tí ohùn orin ń di tín-ín-rín. Wòlíì Bọ́dúnrìn, arúgbó tí ó dá ìjọ náà sílẹ̀, ti ń gbàdúrà fún ẹ̀rí kan tí yóò mú orí àwọn tó kù wú. Lọ́jọ́ náà wọ́n jó títí pákó ilẹ̀ fi ń dún. Omi bọ́ lójú wòlíì. Akínrẹ̀mí rí omijé náà, kò sì gbàgbé rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe délé, ó mú náílọ́ọ̀nù oògùn kúrò lórí tábìlì, ó sì gbé e sórí àpótí aṣọ, níbi tí ọwọ́ aya rẹ̀ kò lè tó láì gun àga. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ yìí. Wòlíì kò sọ ọ́, ìjọ wọn kò sì ka oògùn léèwọ̀. Akínrẹ̀mí ló bá ara rẹ̀ jiyàn, tí ó sì borí: ẹni tó dúpẹ́ pé òjò ti dá, tó tún ń ṣí agboòrùn kiri, ta ni yóò gba ọpẹ́ rẹ̀ gbọ́? Ìkúnayọ̀ rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé lọ bọ́ aṣọ funfun rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n jókòó ti ẹ̀kọ gbígbóná. Ìkúnayọ̀ gbé ife sẹ́nu, ó sì dúró. Ó rọra gbé ife náà sílẹ̀ bí ẹni tí ń gbé ẹyin lé orí òkúta. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló di etí tábìlì mú, tí eegun ọwọ́ náà yọ. Akínrẹ̀mí rí i. Ìkúnayọ̀ sì rí i pé ó rí òun.

Nígbà tí oòrùn yọ dáadáa, fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Nímọ́tà ni. Ṣé ó ṣì ń dùn wọ́n?"

"Háà, dókítà wa! A dúpẹ́ o. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Alhamdulillah. Ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn?"

"Ohun gbogbo ń lọ bó ṣe yẹ."

"Ẹ bá mi kí wọn o."

"Wọ́n á gbọ́."

Akínrẹ̀mí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn tí ó gbé fóònù sílẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ó ṣe ń yẹ ìwé ẹrù wò, kò sì rí irọ́ kankan. Ó sọ pé a dúpẹ́, a sì dúpẹ́ lóòótọ́. Ìgbà wo ni a kì í dúpẹ́? Bí wọ́n bá kí Yorùbá nínú iná, yóò ní ó sàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọ̀tá yọ̀ kì í sọ pé ara òun kò le. Èyí ni a fi tọ́ ọ, èyí ni a fi tọ́ dókítà náà pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ kan ló wà tí Akínrẹ̀mí kò fẹ́ wò: aládùúgbò tó kí wa kò ní ohun tí yóò fi ìdáhùn wa ṣe, ṣùgbọ́n dókítà ní.

Ọ̀sẹ̀ náà ń rìn, ìrora sì ń rìn pẹ̀lú rẹ̀. Ìkúnayọ̀ kò fi ọwọ́ kan ẹja mọ́, ó ní èéfín ń dun òun lójú. Ó ń fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní òtútù ni, nínú ooru tí àwọn ajá fi ń yọ ahọ́n. Àwọn obìnrin ìjọ ń wá kí i. "Ìyá Ẹlẹ́rìí, ara ńkọ́?" Yóò gbé orí sókè, yóò wa eyín pọ̀, yóò ní, "A dúpẹ́." Wọn yóò lọ, inú wọn yóò sì dùn. Dókítà tún pè, ó sì ní, "Sà, ẹ fún wọn ní fóònù, kí n gbọ́ ohùn wọn."

"Wọ́n wà nídìí ààrò, dókítà."

Òótọ́ ni. Ìkúnayọ̀ wà nídìí ààrò. Kò sí iná níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbígbóná lé ara amọ̀ tútù, ó di ojú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Akínrẹ̀mí ti ń ka ìwé. Ọ̀rọ̀ ń ṣòro fún un láti sọ jáde.

"Bàbá Fọlá. Ẹ bá mi gbé oògùn yẹn sọ̀kalẹ̀."

Akínrẹ̀mí gbé ìwé sílẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe kò ju pé kó dìde lọ. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bi í léèrè. "Ìyá Fọlá, ṣé ó ń dùn ọ́ ni?"

Ọ̀nà wà tí ènìyàn fi ń béèrè ọ̀rọ̀, tí ó jẹ́ pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló fi àyè sílẹ̀ fún. Ohùn rẹ̀ kò le. Ìbẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìkúnayọ̀ gbọ́ méjèèjì.

"Rárá," ni ó wí. "Mo kàn ní kí n tọ́jú wọn síbòmíràn ni."

Ó yí padà. Akínrẹ̀mí gbé ìwé rẹ̀. Ojú ewé kan náà ni ó ń wò títí oòrùn fi wọ̀.

Fọláwẹ̀mí, ọmọbìnrin wọn, dé láti Orhuwhorun tí ó ti lọ́kọ. Ó wá gba edé ni. Ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí ń mu omi, ṣùgbọ́n Warri ló bí i, Pidgin ló sì fi ń dá ènìyàn lóhùn. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì fa ìborùn náà kúrò kí ẹnikẹ́ni tó dí i lọ́wọ́.

"Jesus! Mama! Wetin be dis?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti wú débi pé ojú ọ̀tún ń dí. Wíwú náà kò dúró síbẹ̀, ó ti sọ̀kalẹ̀ gba abẹ́ àgbọ̀n lọ, awọ ọrùn sì ń dán bíi ti gàrí tí a fi omi gbígbóná tẹ̀.

"A dúpẹ́," ni Ìkúnayọ̀ wí. Ohùn náà jáde bí ohùn ẹni tó wà lábẹ́ ẹní.

"Dúpẹ́ wetin? Open mouth make I see."

Ẹnu náà ṣí. Ẹ̀pà kan ṣoṣo ni ó lè gbà á kọjá. Fọláwẹ̀mí yí sí bàbá rẹ̀, tí ó ti jáde wá.

"Papa, you dey dis house?"

"Fọláwẹ̀mí, rọra. Ìyá rẹ ń gbìyànjú. Ọlọ́run tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́..."

"Doctor sabi?"

"Dókítà ń pè wá déédéé."

"Wetin you dey tell am?"

Akínrẹ̀mí yí ojú sí ọ̀nà odò. Fọláwẹ̀mí mọ̀ ọ́n, ó ti gbọ́ ọ rí níbi tí ó ti ń bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti kékeré. Ìròyìn ẹ̀rí náà sì ti dé etí rẹ̀ ní Orhuwhorun. Ó yé e lójú ẹsẹ̀.

"Papa, na testimony you wan bury, abi na your wife?"

"Ṣọ́ ẹnu rẹ!"

"My mouth dey open. Na Mama own don close."

Ó sáré jáde lọ pe kẹ̀kẹ́. Akínrẹ̀mí dúró sójú kan. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn, tí yóò sì máa tì í lójú títí láé, ni pé ọ̀sán gangan ni, gbogbo ìjọ ni yóò rí wọn.

Kò tí ì pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ gbéra tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá a dúró. Ìtùnú, ọ̀kan nínú àwọn akọrin, ń kọjá lọ pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Ó dá wọn mọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo inú.

"Ìyá Ẹlẹ́rìí wa! Ara ńkọ́ o?"

"A dúpẹ́, Ìtùnú," ni Akínrẹ̀mí wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. "Ó ń dára sí i."

Fọláwẹ̀mí yí ojú padà wò ó, bí ènìyàn ṣe ń wo àlejò tó ṣi ilé wọ̀. Ìtùnú dìde nàró. Ó ti rí ìborùn tí itọ́ ti mú tutù, ó sì ti gbọ́ èémí tó ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ gbéra, ó ti kọjú sí ọ̀nà ilé Wòlíì Bọ́dúnrìn, eré ló sì ń sá.

Dókítà Nímọ́tà kò kí wọn pẹ́. Ó mú Ìkúnayọ̀ wọ yàrá iṣẹ́, ó ṣí ìborùn, ó sì fi ìka méjì tẹ abẹ́ àgbọ̀n. Kò rọ̀. Ó le bí pákó. Ó ní kí ó gbé itọ́ mì. Ìkúnayọ̀ gbìyànjú, itọ́ náà sì ṣàn gba igun ẹnu jáde. Dókítà mú fóònù, ó bá oníṣẹ́ abẹ kan ní ilé ìwòsàn ńlá sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kíá, ní ohùn ìsàlẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn. Ó wá yíjú sí Akínrẹ̀mí, fóònù ṣì wà létí rẹ̀.

"Sà, ìgbà wo ló padà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n?"

"Dókítà, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ti gbìyànjú fún wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ..."

"Bàbá." Ó gbé fóònù kúrò létí. "Ẹ má bínú o. Mi ò kí yín. Mo bi yín léèrè ni."

Dókítà fi ọwọ́ bo fóònù náà.

"Gbogbo ìgbà tí mo pè, ẹ kí mi, èmi náà sì kí yín, mo ní Alhamdulillah, mo gbé fóònù sílẹ̀. Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Mo mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa, ó yẹ kí n ti ní kí ẹ gbé wọn wá kí n fojú ara mi rí wọn. Ṣùgbọ́n ọyún tó wà níbí yìí ń lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Bó bá dé ibẹ̀, èémí ò ní rí ọ̀nà gbà. Dókítà tó wà lórí fóònù yìí ni yóò la ibẹ̀. Ó fẹ́ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tí mo fún wọn ló kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tàbí wọn ò lò ó. Bó bá jẹ́ pé oògùn ló kọ̀, òmíràn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò wá. Bí wọn ò bá lò ó, ọ̀nà mìíràn ni. Bí ẹ bá tún kí mi, òun náà á ṣìnà."

Ìró ẹsẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Wòlíì Bọ́dúnrìn ni, nínú aṣọ funfun, láì wọ bàtà, ó ń mí hẹlẹ. Ìtùnú wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin akọrin méjì. Àwọn tó jókòó de ìtọ́jú ti ń wò wọ́n. Ìlẹ̀kùn yàrá náà ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Alàgbà," ni arúgbó náà wí, "ṣé kò sí?"

Èsì tó yẹ wà. Kò sí. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Ó ti wà lórí ahọ́n Akínrẹ̀mí, ó sì fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ó wo ojú wòlíì, ó rí ojú ẹni tó ti darúgbó ju kí ó tún bẹ̀rẹ̀ ìjọ mìíràn lọ. Ó wo Fọláwẹ̀mí, tí ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, tí ó ti dẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ. Ìgbẹ̀yìn ló tó wo aya rẹ̀.

Ìkúnayọ̀ ń wò ó láti orí àga. Kò sí ẹ̀bẹ̀ lójú rẹ̀. Kò sí ìbínú níbẹ̀ pẹ̀lú, ìbá sì sàn fún Akínrẹ̀mí bí ìbínú bá wà. Ohun tó rí níbẹ̀ ni àánú. Ó rí i pé aya rẹ̀ mọ ibi tóóró tí òun há sí. Ó rí i pé ó ń gbé orí sókè, pé ètè rẹ̀ ń gbìyànjú láti là, kí ó lè bá òun fèsì, kí ó lè yọ òun.

"A... a dú..."

Èémí náà há. Ó dún bí omi tó ń gba ihò tóóró kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè sí ọrùn, ojú rẹ̀ sì là. Dókítà fò mọ́ ọn, ó gbé e jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú títí èémí náà fi rí ọ̀nà gbà padà. Lórí fóònù, ohùn ọkùnrin kan ń pe, "Hello? Hello? Doctor, since when?"

Nígbà náà ni Akínrẹ̀mí mọ̀ pé aya òun yóò kú pẹ̀lú ọpẹ́ lẹ́nu, nítorí kí ojú má bàa ti òun. Pé bí òun kò bá sọ ọ́, kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà tí ó lè sọ ọ́. Ó yí padà, ó kọjú sí dókítà, sí wòlíì, sí ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.

"Ó ń dùn ún," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó wà níta. "Láti ọjọ́ kejì tó jẹ́rìí ló ti ń dùn ún. Kò lo oògùn. Èmi ni mo gbé e pamọ́. Ó ń dùn ún, dókítà. Ó ń dùn ún gan-an."